Skánà fíìmù yìí fẹ́ sọ wá di wèrè, kí lojú ẹ̀yin náà ti rí?

Ọmọ Sítúdíò (Òkè-Bọ́là)
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Bàbá wa fi nẹ́gátíìfù, fíìmù tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò, sílẹ̀ lọ rẹpẹtẹ, iṣẹ́ sítúdíò wọn láti nǹkan bí ọdún 1968, dúdú-àti-funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Èmi àtàwọn àbúrò mi dáwó, a ra skánà tí yóò kó wọn sínú kọ̀ǹpútà, tó jẹ́ pé owó ẹ̀ ì bá ra kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ṣì lágbára. Kò pẹ́ rárá tí ìlà gbọọrọ kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í la gbogbo fọ́tò láàárín. Tó bá tún wù ú, á dún krrrr, á ní òun ò rí fíìmù kankan, fíìmù ọ̀hún sì rèé lẹ́nu ẹ̀. Àwọn tó tà á fún wa ní ká gbé e wá sí Dubai. Dubai! Kí lojú ẹ̀yin ti rí?

Ìyá Dárà
Ṣé ẹ ti nù ún?

Ọmọ Sítúdíò
A ti nù ún, a ti fẹ́ ẹ, ó ku ká bọ ọ́.

Akin Peckham
Tèmi burú ju ìlà lọ. Àlòkù ni mo rà níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ihò wáyà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní FireWire ló ní, kọ̀ǹpútà mi ò sì ní in. Mo ra wáyà tí yóò so wọ́n pọ̀, mo tún ra èyí tí yóò so wáyà yẹn mọ́ kọ̀ǹpútà. Ìgbà tí wọ́n jàjà ríra, sọ́fítíwíà ẹ̀ ní òun ò bá Windows tuntun ṣe. Sọ́fítíwíà mìíràn, VueScan, ló yọ mí, òun náà kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́.

Tísà Ògbómọ̀ṣọ́
Owó kẹ̀kẹ́ kẹ̀? Skánà tí a fi ń ya ìwé-ẹ̀rí ní ọ́fíìsì wa ńkọ́? Ẹ̀yin èèyàn yìí fẹ́ràn ìnáwó.

Bọ̀dá Houston
Tísà, ẹ jọ̀ọ́. Ìwé, ìmọ́lẹ̀ á bà á á padà. Fíìmù, ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ la inú ẹ̀ kọjá ni, ìyẹn ló fi yẹ kí iná wà nínú ìdérí skánà náà.
Ọmọ Sítúdíò, ìlà tó bá lọ tààrà látòkè délẹ̀, eruku ló wà níbi tí ẹ̀rọ ti ń yẹ ara ẹ̀ wò kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ wo etí gíláàsì lókè, ibi tí wọ́n dá ihò gbọọrọ sí lára férémù fíìmù. Ẹ nu ibẹ̀, ẹ má fi ohunkóhun bò ó. Ẹ sì pa Digital ICE, ètò inú skánà tó ń yọ eruku kúrò nínú fọ́tò. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò lè rí ló fi ń wá eruku. Ó máa ń la fíìmù aláwọ̀ kọjá, àmọ́ fàdákà inú dúdú-àti-funfun máa ń dí i. Ẹ̀rọ á ka imú èèyàn sí eruku, á nù ún dànù.

Ìyá Dárà
Áà! Ìyẹn ló jẹ́ kí ojú ìyá ọkọ mi rí bẹ́ẹ̀! 😭

Akin Peckham
Ẹ má purọ́ mọ́ ẹ̀rọ, Ìyá Dárà.

Àdùkẹ́ Ìlá
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Fọ́tò kan wà ní pálọ̀ wa, ìbejì, wọ́n jókòó ti ara wọn. Mo wá nẹ́gátíìfù ẹ̀ rí, mo tì í sínú skánà, ọmọ kan ṣoṣo ló jáde. Mo tún un ṣe, ọmọ kan. Mo ní ẹ̀rọ ọ̀dàlẹ̀ yìí ti gé èkejì dànù, torí ó máa ń gé etí fọ́tò tẹ́lẹ̀. Mo pe ẹni tó tà á fún mi, mo bú u. Ìgbà tí màmá mi gbọ́ ariwo ni wọ́n ní kí n yé pariwo. Kẹ́hìndé ti ṣaláìsí kí wọ́n tó dé sítúdíò. Táíwò nìkan ni wọ́n yà, oníyàwòrán sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan náà.

Tísà Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ̀n ẹ́n. Fíìmù Nollywood.

Ọmọ Sítúdíò
Tísà, òótọ́ ni. Bàbá wa ṣe é. Wọ́n á fi páálí bo ìdajì pépà, wọ́n á tẹ ọmọ náà sí apá kan, wọ́n á wá bo ìyẹn, wọ́n á tẹ apá kejì. Tó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á pààrọ̀ aṣọ fún un.

Alhaja Ìwó
Ilé wa ò gbẹ́ ère ìbejì, fọ́tò la gbé kọ́ ògiri. Kò sẹ́ni tó rí i bí nǹkan àjèjì.

Bọ̀dá Houston
Àdùkẹ́, báwo lẹ ṣe wá tọ́jú ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà? Ọmọ kan ni àbí méjì?

Àdùkẹ́ Ìlá
Méjì. Fọ́tò orí ògiri ni mo yà.

Akin Peckham
Nẹ́gátíìfù ni ojúlówó, ẹ̀gbọ́n mi. Ìyẹn ló yẹ kẹ́ ẹ tọ́jú.

Alhaja Ìwó
Ojúlówó fún ta ni? Ọmọ méjì ni ìyá yẹn bí.

Akin Peckham
Ẹ má bínú, mà. Mo ní kí wọ́n tọ́jú méjèèjì ni.

Ọmọ Sítúdíò
Bọ̀dá, ìlà ti lọ o! Ẹ ṣeun gan-an. Krrrr ṣì wà.

Bọ̀dá Houston
Mọ́tò inú ẹ̀rọ náà nìyẹn. Ẹ tà á. Kámẹ́rà, lẹ́ǹsì macro tó ń ya nǹkan kékeré nítòsí, iná funfun pẹlẹbẹ lábẹ́ fíìmù, ó parí. Mi ò padà sí skánà mọ́.

Ìyá Dárà
Fíìmù tèmi ti ká kò, kò gbà kó tẹ́. Kámẹ́rà wo ló máa rí i?

Tísà Ògbómọ̀ṣọ́
Ọmọ Sítúdíò, èló lẹ máa tà á? Ẹ má sọ owó kẹ̀kẹ́ fún mi o.