Àmì 18 lórí páálí géèmù ọmọ mi: ṣé wọ́n lè tìtorí ẹ̀ mú mi?

Ìyá Ìbejì (Manchester):
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọkọ mi kékeré, àbúrò bàbá àwọn ọmọ, wá kí wa ní Sátidé, ó sì ra géèmù fún ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Grand Theft Auto V (GTA V) ni. A dúpẹ́, a jẹun, ó lọ. Ọjọ́ Ajé ni mo tó rí páálí ẹ̀ nídìí tẹlifíṣọ̀n: 18 gàdàgbà, nínú àmì pupa. Mo bá jókòó tì í. Wọ́n so ọkùnrin kan mọ́ àga, ọmọ mi sì ń fi ẹ̀mú fa eyín ẹ̀. Ó ń yí bọ́tìnì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń wá ilé iṣẹ́ rédíò. Mo ní kí lèyí? Ó ní, "Mọ́mì, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni."

Bàbá wọn ní kí n fọmọ sílẹ̀, pé òun wo fíìmù ajínigbé dàgbà, òun ò sì jí ẹnikẹ́ni gbé. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi wá ní wọ́n lè fi mí sun àwọn sóṣà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo ọmọdé. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni mo sì ṣe fẹ́ dá ẹ̀bùn padà fún ọkọ mi kékeré tí kò ní dìjà?

Ọmọ Ṣọ́ọ̀bù:
Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Mo ta géèmù ní London fún ọdún mẹ́rin. Ẹni tó ń tà ni òfin dè. Láti oṣù Keje 2012, tí mo bá ta géèmù tó ní àmì PEGI (àmì ọjọ́ orí tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù) 12, 16 tàbí 18 fún ọmọ tí ọjọ́ orí ẹ̀ ò tó o, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà lè wà ńbẹ̀, tàbí owó ìtanràn. 3 àti 7, ìmọ̀ràn lásán ni. Ẹ̀bùn inú ẹbí, òfin yẹn fúnra ẹ̀ yọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí mo ń rí ni pé ọmọ á nàka, ìyá á sanwó. Mo bi ìyá kan pé ṣé ẹ rí 18 yìí? Ó ní òun rò pé bí géèmù náà ṣe le tó ni.

Bàbá Alákọ̀wé:
Ọ̀rọ̀ sóṣà yẹn níbi tó ti ṣẹ̀ wá. Ní 2015, àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Cheshire kọ lẹ́tà sáwọn òbí pé ọmọ tó bá ń gbá géèmù 18, àwọn á fi tó ọlọ́pàá àti sóṣà létí. Ariwo sọ. Lẹ́tà ni ṣá, kì í ṣe òfin. Àmọ́ tíṣà tó bá gbọ́ tí ọmọ ń ròyìn bí wọ́n ṣe ń fa eyín èèyàn á kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ ni.

Àǹtí Melbourne:
Ẹ̀yin tiẹ̀ rí àmì kà. Ní Australia níbí, kò sí àmì àgbàlagbà, R18+, fún géèmù rárá títí di January 2013. MA15+, ti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sókè, ló ga jù. Èyí tó bá kọjá ẹ̀, ìjọba á kọ̀ ọ́, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ tà á, kódà fún ẹni ọgọ́ta ọdún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe Mortal Kombat ní 2011. Ní 2008, wọ́n kọ Fallout 3 nítorí oògùn mọ́fíìnì tó wà nínú ẹ̀. Àwọn tó ṣe é bá pe oògùn náà ní Med-X, fún gbogbo ayé pátá! Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí R18+ tó lè wà, Michael Atkinson ti South Australia sì kọ̀ jálẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó bí: GTA IV tó jẹ́ 18 lọ́dọ̀ yín, MA15+ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn níbí. Tèmi ni pé kí ìjọba sọ ohun tó wà nínú páálí fún mi, kó jẹ́ kí n bá ọmọ mi jà fúnra mi.

Ará Ìbàdàn:
Àjọ NFVCB ń yẹ fíìmù wò fún wa níbí. Ní ilé géèmù àdúgbò mi, owó lọ́wọ́ ni àmì. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n kúkú ń gbá jù.

Ọmọ Ṣọ́ọ̀bù:
Mo gbàgbé o: disiki nìkan lòfin yẹn mú. Èyí tí wọ́n bá fà wá látorí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin lẹ máa ṣọ́ ọ. Ẹ ṣí àkáǹtì ọmọdé fún un, ẹ kọ ọjọ́ ìbí ẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ fi PIN tì í. Kó má jẹ́ ọjọ́ ìbí yín ni PIN o, ó mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti pè é. Ó ní, "Ìyàwó wa, eré mọ́tò ni mo pè é!" Ó máa gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ń ra àlòkù, á fi gba EA Sports FC 25, PEGI 3.

Ọmọ Ṣọ́ọ̀bù:
PEGI 3 lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi owó gidi ra agbábọ́ọ̀lù nínú ẹ̀. Ẹ yọ káàdì bánkì yín kúrò ńbẹ̀ lálẹ́ òní.

Ìyá Ìbejì:
Yéè! Mo ti ń lọ. Ọmọ ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ látàárọ̀, ó lóun ò jẹun. Mílíìkì inú fíríìjì sì ti lọ sílẹ̀.