Síìtì fáàfù mi jábọ́: ta ló ti rí irú ẹ̀ rí?

Mushin
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ́ńjìnnì Honda B16 tòkunbọ̀ ni mo gbé sínú Civic mi, èyí tó lè yí ju ìgbà 8,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Mo ń bọ̀ láti Ìbàdàn lọ́jọ́ kan ni họ́ọ̀sì réjétọ̀ bẹ́ nítòsí Ṣágámù. Mo fi ọ̀rá dì í, mo da píọ̀ wọ́tà bíi méjìlá sí i, mo sì wà á délé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni abẹ́rẹ́ ìgbóná wọ pupa kí n tó dé. Mo pààrọ̀ họ́ọ̀sì, mo yí ọ́ìlì, mo ní ó tán.

Kò tán. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, láàárọ̀ kùtù, mo sítáàtì ẹ̀, ó dún gbàù, ó wá ń dún gba-gba-gba bí ẹni ń fi ọmọ odó gún òkúta. Mo pa á kíá, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nígbà tí a tú u, síìtì fáàfù èéfín ti sìlíńdà kẹta, ìyẹn òrùka irin tí fáàfù, ìlẹ̀kùn tí èéfín ń gbà jáde, máa ń padé lé, ti jábọ́, písítìnì sì ti rún un bí ajá ṣe ń rún eegun. Púlọ́ọ̀gì pàápàá ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Mẹkáníìkì mi ní síìtì ayédèrú ni. Ṣé òótọ́ ni?

Ìbàdàn
Ẹ kú àdánù. Iṣẹ́ orí ẹ́ńjìnnì ni mò ń ṣe, ọdún kọkànlá rèé. Ọ̀rọ̀ ayédèrú yẹn, ẹ fi sílẹ̀ ná. Wọn kì í jó síìtì mọ́ orí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ń tì í bọ inú ihò tó há ni. Ihò yẹn á kéré sí síìtì ní nǹkan bíi 0.10 mm sí 0.13 mm, híhá yẹn nìkan ló dì í mú. Àlùmíníọ̀mù sì máa ń wú tó ìlọ́po méjì irin bí wọ́n bá jọ gbóná. Tí ooru bá wá kọjá ààlà, ihò á dẹ̀ mọ́ síìtì lára. Tó bá tutù, ó lè tún fún un mọ́ra díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣágámù ló ti kú, Mushin ló kàn ti ṣubú.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, síìtì kan ń mì, ọ̀gá mi ní kí n fi púńṣì gún àlùmíníọ̀mù yí i ká kó lè há. Mo gún un, ó há, oníbàárà sanwó. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló lò. Ohun tó yẹ ni ká fá ihò náà, ká wá síìtì tó fi díẹ̀ tóbi ju ti àkọ́kọ́, ká kó o sí fìrísà mọ́jú, ká gbé orí ẹ́ńjìnnì sínú ààrò, ká tó tì í wọlé. Tí ẹ bá ti rí ojú púńṣì lára tòkunbọ̀ tí ẹ fẹ́ rà, ẹ máa bá tiyín lọ.

Houston
Tèmi ò jábọ́, jíjẹ ló jẹ. Subaru WRX ni, ó ní tọ́bò tó ń ti afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnnì. Mo ní kí ẹnì kan bá mi tún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ṣe kó lè yá sí i. Ó yá lóòótọ́! Ṣùgbọ́n tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, epo kì í tó afẹ́fẹ́, púlọ́ọ̀gì sì ń ṣáná pẹ́, gbogbo ooru wá ń gba ẹnu fáàfù èéfín jáde. Ìgbà tí fáàfù bá jókòó lé síìtì ni ara ẹ̀ ń tù jù. Díẹ̀díẹ̀ ni ojú fáàfù àti ojú síìtì jẹ. Nígbà tí a fọn afẹ́fẹ́ sí sìlíńdà kẹrin, mo tẹ́tí sí ẹnu ẹ̀gísọ́ọ̀sì, mò ń gbọ́ fììì.

London
Ẹ̀yin ọmọdé ń sọ̀rọ̀ tọ́bò. Mini 1275 GT ni tèmi, ti 1975. Irin ni orí ẹ́ńjìnnì ẹ̀, inú irin yẹn gan-an ni wọ́n fá ìjókòó fáàfù sí. Òjé inú epo ló ń bò ó lójú. Nígbà tí wọ́n kó epo olójèé kúrò lọ́jà níbí ní 2000, mo kàn ń da èyí tí mo rí sí i, mo sì ń sáré lọ ní mọ́tòwéè. Àlàfo fáàfù (àyè tó wà láàárín ìdí fáàfù àti irin tó ń tì í ṣí) tó yẹ kó jẹ́ 0.30 mm, tí mo bá ṣe é lóṣù yìí, á ti dí lóṣù tó ń bọ̀. Èmi rò pé nọ́ọ̀tì ló ń yí! Àṣé fáàfù ló ń rì wọ orí ẹ́ńjìnnì lọ. Síìtì líle ni wọ́n tì bọ̀ ọ́ fún mi níkẹyìn.

Abẹ́òkúta
Mo fi kámúṣáàfù eré (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) sí Civic tèmi, mo wá fi sípíríìngì àtijọ́ tó ń dá fáàfù padà sílẹ̀ nítorí owó. Tí ẹ́ńjìnnì bá yí ju ìgbà 7,500 lọ ní ìṣẹ́jú kan, fáàfù ò ráyè jókòó jẹ́jẹ́ mọ́, ṣe ló ń já lu síìtì. Mẹ́rin ló bàjẹ́. Sípíríìngì tí mo sá fún náà ni mo padà rà.

Mushin
Ọ̀gá Ìbàdàn, ẹ ṣé. Mo gbé irin gbọọrọ lé orí ẹ́ńjìnnì yẹn lónìí, ó ti ká kò, bébà ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n síìtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù ò mì rárá. Ṣé n kò lè ṣe ẹyọ kan yẹn nìkan?

Ìbàdàn
Gbogbo wọn lẹ jọ dúró ní Ṣágámù. Ẹ kó wọn wá.