Awòdarí: èrò mi lórí orúkọ tí a ń wá fún «remote desktop client»

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà Remmina, ètò tí a fi ń wo kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíràn tí a sì fi ń darí rẹ̀, sí Yorùbá ti dábàá «oníbàárà tábìlì ọ̀nà jíjìn» fún irú ètò bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan tún dáhùn pé «ìpínjúwò», ìyẹn pé a jọ ń pín ojú kọ̀ǹpútà wò, ló dára jù. Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì, ó sì ń ká mi lára kí a yanjú rẹ̀ kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn tó máa lò ó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí nǹkan ọ̀hún ń ṣe. Ká sọ pé obìnrin kan ń ṣírò owó fún ilé iṣẹ́ kan ní Dùgbẹ̀, ó wá jókòó sílé ní Akóbọ̀. Windows ló wà lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, Ubuntu, irú Linux kan, ló wà lórí láàpútọ́ọ̀pù tirẹ̀. Ó tẹ sudo apt install remmina remmina-plugin-rdp, ó fi ọ̀rọ̀ aṣínà sí i, ó parí. Bí remmina-plugin-rdp ò bá sí níbẹ̀, RDP, ọ̀nà tí a ń gbà wọ Windows láti òkèèrè, ò ní yọjú rárá láàárín àwọn ọ̀nà tí Remmina ń tò sílẹ̀. Ó wọ VPN ilé iṣẹ́ wọn, ìyẹn ọ̀nà àdáni tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì dé ọ́fíìsì, ó ṣí Remmina, ó kọ àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ojú kọ̀ǹpútà náà sì yọ sí i gbàgede. Ibi tó bá sún máùsì sí ní Akóbọ̀, ibẹ̀ náà ló ń lọ ní Dùgbẹ̀.

Kò sí ohun tó kúrò ní Dùgbẹ̀ ju àwòrán lọ. Ìwé ìṣirò wà níbẹ̀, ètò tó ṣí i wà níbẹ̀. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já mọ́ ọn lọ́wọ́, iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀ ò kú. Tó bá padà wọlé, á bá a níbi tó fi í sí, àfi tí wọ́n bá mú iná lọ ní ọ́fíìsì. Àwòrán ń bọ̀, àṣẹ ń lọ: òun ni orúkọ gbọ́dọ̀ sọ.

Tábìlì ò sí nínú ìyẹn. Òyìnbó ló fi orí tábìlì pe ojú kọ̀ǹpútà, àwa ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó bá ka «tábìlì ọ̀nà jíjìn» á kọ́kọ́ wá pákó.

«Oníbàárà» tí ẹ fi túmọ̀ client ló dùn mí jù. Ní ọjà Bódìjà, ẹni tó ń ra ata ń pe ìyá aláta ní kọ́sítọ́mà, ìyá aláta náà ń pè é ní kọ́sítọ́mà. Etí wa ò sì ya oníbàárà sọ́tọ̀ kúrò lára kọ́sítọ́mà. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ sì ti ń ṣìnà gan-an nìyẹn: èwo ló ń darí, èwo là ń darí? Ẹlòmíràn á sáré fi Remmina sórí kọ̀ǹpútà tó fẹ́ wọ̀, nígbà tó jẹ́ pé orí èyí tó fi ń darí ló yẹ kí Remmina wà.

«Ìpínjúwò» sàn díẹ̀. Ó bá VNC mu, ọ̀nà mìíràn tí Remmina lè gbà wọ kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ṣe ní ilé ìwádìí Olivetti ní Cambridge: ẹni tó jókòó ní ọ́fíìsì ń rí máùsì tó ń rìn fúnra rẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì ń wo ojú kan náà. Ṣùgbọ́n bí obìnrin yẹn bá fi RDP wọlé, ojú kọ̀ǹpútà tó wà ní Dùgbẹ̀ á tì pa. Kò pín nǹkan kan pẹ̀lú ẹnikẹ́ni.

Àbá tèmi ni awòdarí: ó ń wò, ó sì ń darí. Ìwòdarí ni iṣẹ́ náà. Ìbàdàn tí WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1959 la wà yìí, iṣẹ́ tí tẹlifíṣọ̀n ń ṣe la sì fi pè é ní amóhùnmáwòrán. Asọ̀rọ̀mágbèsì náà, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ́: ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. «Adarí òkèèrè» ò tó, torí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n náà ń darí láti òkèèrè, kò sì rí nǹkan kan. «Awò ọ̀nà jíjìn» ti ní olówó, ohun tí a fi ń wo ìràwọ̀ ni.

Ní ti kọ̀ǹpútà kejì, mo ro «agbàdarí», mo sì fi í sílẹ̀, torí ẹlòmíràn lè gbọ́ ọ bí ẹni tó fipá gba nǹkan. «Kọ̀ǹpútà tí à ń darí» ti tó. Fún install, «fi sórí kọ̀ǹpútà» náà ti tó.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, «poor» tó wà lábẹ́ Quality, níbi tí a ti ń yan bí àwòrán ṣe máa dán tó nínú Remmina, kì í ṣe «tálákà» bí ẹ ṣe kọ ọ́. Àwòrán tí kò dán ni, tó sì yára, tí kì í jẹ dátà púpọ̀. Ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ nílò rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, ẹ má jẹ́ kó sá fún un. Bí ẹ bá gba awòdarí wọlé, mo ṣe tán láti bá yín ka orí kejì ìwé náà, níbi tí «oníbàárà» ti pọ̀ jù.