Ṣé kí a se orúwo ni, àbí kí a fi ọtí rẹ ẹ́, kí a tó dán an wò lórí kòkòrò ibà?

Ọmọ Kétu:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Mò ń múra láti ṣèwádìí lórí èèpo gbòǹgbò orúwo, èyí tí àwọn elégbòogi ní Kétu máa ń sè fún ẹni tí ibà ń ṣe. Olùkọ́ mi ní kí n fi ọtí fa oje rẹ̀, nítorí pé ọtí a máa fa ohun tí omi kò lè fà. Ṣùgbọ́n bàbá tí ó fi igi náà hàn mí kì í lo nǹkan mìíràn ju omi gbígbóná lọ. Èwo ni kí n gbé lọ sí ilé àyẹ̀wò?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àjàṣẹ́:
Gbé méjèèjì lọ. Nígbà tí Tu Youyou ní ilẹ̀ Ṣáínà ń ṣèwádìí lórí Artemisia annua, ewé kan tí wọ́n fi ń wo ibà, èsì rẹ̀ kò dúró sójú kan, títí ó fi tún ìwé ìṣègùn àtijọ́ ti Ge Hong kà, tí ó rí i pé wọn kì í se ewé náà, pé ṣe ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú omi, tí wọ́n sì ń fún un mu. Ó fura pé ooru ni ó ń ba agbára ewé jẹ́. Ní 1971, ó lo ether, ohun olómi kan tí a fi ń fa oje, tí ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 35 Celsius péré, oje yẹn sì pa kòkòrò ibà lára eku. Iṣẹ́ náà ni ó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2015. Ìyẹn kò sọ pé sísè kò dára o, nítorí ooru kì í tètè ba kínínì, oògùn ibà tí ó wá láti ara èèpo igi, jẹ́.

Elégbòogi Ṣábẹ̀ẹ́:
Ọmọ mi, ta ní sọ pé a kì í lo ọtí? Sódabì, ọtí líle tí a fi ẹmu ṣe, ni a fi ń rẹ gbòǹgbò mìíràn. Ṣùgbọ́n kọ ibi tí o ti wa èèpo náà sílẹ̀, àti bóyá òjò ni tàbí ẹ̀ẹ̀rùn, kí o sì mú ẹ̀ka tí ó ní òdòdó lọ sí ilé ìpamọ́ ewéko ní Abomey-Calavi kí wọ́n bá ọ jẹ́rìí sí orúkọ rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ Ilé Àyẹ̀wò:
Oje tí ó pa kòkòrò inú àwo lè jẹ́ májèlé lásán. Sódabì pàápàá yóò pa á. Fi ìwọ̀n tí ó pa ìdajì kòkòrò wé ìwọ̀n tí ó pa ìdajì sẹ́ẹ̀lì ènìyàn: bí méjèèjì bá súnmọ́ra, fi oje náà sílẹ̀. Bí wọ́n bá jìnnà síra, ó kan eku. A ó fi Plasmodium berghei, kòkòrò ibà ti eku, sí wọn lára, a ó fún wọn ní oje náà fún ọjọ́ mẹ́rin, a ó sì fi kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ wọn wé ti àwọn tí ó mu kòlórókíìnì, oògùn ibà, àti àwọn tí ó mu omi lásán. Kí o sì rí i pé ọtí gbẹ tán pátápátá kí o tó bẹ̀rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọtí ni o dán wò, kì í ṣe orúwo.