Irun ìyẹ́ àkùkọ ń sùn sẹ́yìn bí mo bá ń wé e mọ́ ìwọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìyẹ́ ṣe kòkòrò àtọwọ́dá sára ìwọ̀ ẹja. Irú èyí tó ń léfòó lójú omi ni mò ń ṣe. Ìyẹ́ ọrùn àkùkọ ni mò ń lò, èyí tí irun rẹ̀ gùn tó ìlọ́po kan àbọ̀ àlàfo ẹnu ìwọ̀. Mo máa ń já ìhùùhù ìdí rẹ̀ kúrò kí n tó fi òwú dè é.

Ibi wíwé gan-an ni wàhálà wà. Bí mo bá ti fi ẹ̀mú kékeré mú ṣóńṣó rẹ̀ tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, ọ̀pá ìyẹ́ náà á lọ́, irun á wá sùn sẹ́yìn dípò kó dúró ṣánṣán. Ṣé kí n fi díẹ̀ sílẹ̀ níhòòhò lára ọ̀pá náà kí irun tó bẹ̀rẹ̀ ni? Àbí ojú tó ń dán ni mi ò kọ síbi tó yẹ? Àwọn kan ní kó kọjú síwájú, àwọn mìíràn ní ẹ̀yìn. Rírẹ ọ̀pá náà sómi ńkọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ lo ìyẹ́ abo adìẹ o. Ó rọ̀ jù, èyí tó ń rì ló wà fún.