Géèmù ń pa kọ̀ǹpútà Linux mi lójijì: ṣé kí n ra GPU tuntun ni?

Akọni_Géèmù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ẹ gbà mí, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yìí ti tojú sú mi.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi tò ó: Ryzen 7 5800X, RAM DDR4 méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 16GB, 3600 ni wọ́n kọ sára wọn, káàdì Radeon kan (GPU, òun ló ń ya àwòrán géèmù) tó ń jẹ iná tó 250W tí géèmù bá wọ̀ ọ́ lára, power supply (àpótí tó ń pín iná) 650W. Fedora (irú Linux kan) ló wà lórí ẹ̀, btrfs sì ni ètò tó ń to fáìlì sórí dísìkì. Tí mo bá ń wo fídíò tàbí tí mo ń kọ nǹkan, mi ò rí wàhálà kankan. Ìgbà tí mo bá ṣí géèmù ńlá lórí Steam ni ẹjọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà míì, géèmù á kàn pa dé, á dá mi padà sí desktop, kò ní sọ ohun tó ṣe é. Nígbà míì, gbogbo sìkírììnì á dì pa, màósì ò ní mira, ohùn á sì há sí ojú kan. Ó tún ti ṣe é rí tó jẹ́ pé ńṣe ni gbogbo ẹ̀ kú pìì, tó tún ara ẹ̀ tan.

Mo ti pààrọ̀ Proton (ohun tí Steam fi ń mú géèmù Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux) títí, mo ti pa shader cache rẹ́, mo ti ṣe update Mesa (dráífà àwòrán) àti kernel (ọkàn Linux). Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n padà sí Windows kí n sinmi. Èmi ti ń wo GPU tuntun báyìí. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá_Tẹ́mínàlì

Àbúrò, jẹ́ kí owó ẹ ṣì wà lápò ná. Ohun mẹ́ta tó o kà sílẹ̀ yẹn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Bó o bá dà wọ́n pọ̀, wàá kàn máa ra nǹkan tí kò bàjẹ́ ni.

Tí géèmù nìkan bá kú, tí desktop wà láàyè, ó lè jẹ́ Proton, ó lè jẹ́ géèmù fúnra ẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé RAM kún, tí kernel fi pa á. Tó bá jẹ́ pé ó kún ni, wàá rí “Out of memory: Killed process” nínú log (àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà). Tí sìkírììnì bá dì, tí ohùn há, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ GPU nìkan ló dákú tí kernel ṣì ń mí. Bí mo ṣe ń mọ̀ ni pé mo máa ń gbìyànjú láti fi ssh (ọ̀nà àtiwọ kọ̀ǹpútà láti orí ẹ̀rọ míì) wọlé sí i láti orí fóònù. Bí ssh bá dáhùn, CPU àti kernel ò tíì kú. Bí kò bá dáhùn, di Alt àti SysRq mú, kó o wá tẹ R, E, I, S, U, B tẹ̀léra, díẹ̀díẹ̀. Fedora ò ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, torí náà kọ kernel.sysrq=1 sínú fáìlì kan ní /etc/sysctl.d kí ọjọ́ náà tó dé. Ó sàn ju kó o di bọ́tìnnì mú lọ, torí pé S á gbìyànjú láti kọ ohun tó wà nílẹ̀ sí dísìkì kó tó pa.

Èyí tó kú pìì tó tún ara ẹ̀ tan kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi software rárá. Jẹ́ ká gbọ́ tẹnu log:

journalctl -b -1 -k -p warning

“-b -1” ni boot tó ṣáájú èyí tó o wà nínú ẹ̀, “-k” ni ti kernel nìkan. Ìparí ẹ̀ ni kó o wò. Ohun kan wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í mọ̀: journald (ètò tó ń kọ log) kì í kọ gbogbo nǹkan sí dísìkì lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó bá le gan-an nìkan ló máa ń sáré kọ, ìyókù lè dúró tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Nítorí náà, bí log bá kàn dákẹ́, tí kò ráhùn, tí kò dágbére, ìdákẹ́ yẹn náà ẹ̀rí ni. Ó jọ pé iná ló já mọ́ kernel lẹ́nu.

Tún ṣe coredumpctl list (ó ń to orúkọ àwọn ètò tó ti kú lójijì), kó o kó ohun tó bá sọ wá.

Sọ̀rọ̀_Sókè

Ẹ má bínú o, Windows ni. Linux kì í ṣe ti géèmù.

Pẹ́ńgúìnì_Ilé

Ọ̀gbẹ́ni, ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́ nílẹ̀. Proton ti wà láti 2018, Linux ló sì wà nínú Steam Deck tó jáde ní 2022. Àwọn géèmù tí anti-cheat (ètò tó ń dènà ojóró) wọn kọ Linux wà lóòótọ́, àmọ́ àwọn yẹn ò ní jẹ́ kó o wọlé ni, wọn ò ní dúró dìgbà tó o bá ti ń gbádùn ẹ̀ kí wọ́n tó pa iná mọ́ ẹ lójú.

Akọni, ní ti software, ohun kan péré ni kó o ṣe: fi PROTON_LOG=1 %command% sínú launch options géèmù náà, á kọ fáìlì kan tí orúkọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú steam- sínú home rẹ. Ẹnì kan máa tó wá sọ fún ẹ pé kó o gbé vm.max_map_count (ètò kernel kan tó jẹ mọ́ RAM) sókè. Fedora ti gbé e sókè fúnra ẹ̀ láti ẹ̀dà 39, má wulẹ̀ dà á láàmú.

Wáyà_Dúdú

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí ọ̀rọ̀ iná ni iṣẹ́ tèmi. Ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà yẹn, kó o wo wáyà tó lọ sí GPU. Ṣé wáyà méjì ló ti inú power supply wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àbí wáyà kan ló la ẹnu méjì? Ẹnu 8-pin kan, 150W ni wọ́n ṣe é fún. Ihò PCIe tí káàdì jókòó sí lè fún un ní 75W. Bí wáyà kan bá la ẹnu méjì, òun nìkan ló ń gbé ẹrù méjèèjì.

250W tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í sì í ṣe òpin. Ìdíwọ̀n àárín ni. Láàárín ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, káàdì lè fò kọjá ibẹ̀ dáadáa, kó tún padà wálẹ̀ kí ohun tó ń ka watt lójú sìkírììnì tó rí i. Power supply rí i ní tiẹ̀. Á rò pé nǹkan ti ṣẹ́, á sì pa ara ẹ̀ láti dáàbò bo ìyókù. Ìyẹn ni kíkú pìì tó ò ń rí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ sọ̀yà.

Fi wáyà méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó bá power supply yẹn gan-an wá nínú páálí ni o! Wáyà modular ti òmíràn lè wọ ihò náà wẹ́kú kí ètò irin inú ẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, ẹ̀fín ló sì máa kọ́kọ́ sọ fún ẹ. Kó o tó ra power supply míì, fi LACT (ètò tó ń ṣàkóso GPU) dín agbára káàdì kù dé ibi tí dráífà bá gbà (ó ní ibi tí kò ní jẹ́ kó o kọjá), tàbí kó o fi ètò MangoHud so fps (iye àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan) mọ́ 60. Bí kò bá pa ara ẹ̀ mọ́ nígbà tí ẹrù fúyẹ́, o ti mọ ẹni tó o máa mú.

Akọni_Géèmù

Ẹ ṣeun mà. Ẹ̀gbọ́n Wáyà, wáyà kan tó la ẹnu méjì ni lóòótọ́! Mo ti yọ ọ́, mo ti fi méjì sí i.

Ohun tí mo rí nínú log rèé, boot ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá:

amdgpu: ring gfx_0.0.0 timeout
BUG: Bad page state in process kswapd0
BTRFS warning: csum failed

Ìlà tó dárúkọ amdgpu (dráífà Radeon) yẹn ni mo rí tí mo fi ní GPU ló bàjẹ́. Àmọ́ coredumpctl ló yà mí lẹ́nu: gnome-shell wà níbẹ̀, Firefox wà níbẹ̀, packagekitd tí mi ò tiẹ̀ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe wà níbẹ̀. Mo ti rò pé géèmù nìkan ló ń kú. Tí táàbù Firefox bá sì kú, mo kàn máa ń tún un ṣí ni.

Ní ti ooru, sensors sọ pé CPU ò kọjá 80°C, junction ti GPU (ibi tó gbóná jù nínú ẹ̀) dé 92°C.

Ìyá_Tẹ́mínàlì

Ooru kọ́. 90°C ni òpin 5800X, junction àwọn Radeon wọ̀nyí sì lè dé 110°C kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ara wọn sẹ́yìn.

RAM ni. Wo àwọn tó kú: wọn ò bára tan, nínú ohun tí wọ́n jọ ń lò, RAM ni mo fura sí jù. Bí òrùlé kan bá jò, ẹni tó bá sùn sábẹ́ ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà ni omi á kán lé. Lónìí Firefox ni, lọ́la ohun tí dráífà fẹ́ fi ránṣẹ́ sí GPU ló bọ́ sí ibi tó bàjẹ́, amdgpu á wá kígbe pé GPU ò dáhùn. GPU ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Géèmù ló sì ń fojú hàn jù, torí òun ló ń gba ọ̀pọ̀ GB lẹ́ẹ̀kan náà, tó fi máa kan ibi tó jò. “csum failed” ló tún dé mi lórí: ohun tí btrfs kà kò bá àmì tó fi síbẹ̀ nígbà tó kọ ọ́ mu. Ó lè jẹ́ dísìkì, torí náà ṣe sudo smartctl -a /dev/nvme0, kó o wo “Media and Data Integrity Errors”. Tí ibẹ̀ bá jẹ́ 0, ojú RAM ni màá máa wò.

Gbé Memtest86+ (ètò tó ń dán RAM wò) sórí flash, ẹ̀dà 6 sókè, torí àwọn àtijọ́ ò mọ UEFI (ètò tó ń tan kọ̀ǹpútà ìgbàlódé). Tí Secure Boot bá dí i lọ́wọ́, pa á ná. Jẹ́ kó sáré mọ́jú. Àṣìṣe kan ṣoṣo ti tó, kò sí pé “ẹyọ kan péré ni”.

Ohun kan tún wà: 3600 tí wọ́n kọ sára RAM yẹn, XMP (ètò inú RAM tó ń mú kó sáré sí i) ni, overclock (sísáré kọjá òfin) sì ni XMP. 3200 ni 5800X gbà ní òfin tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń lo 3600 tí ohunkóhun ò ṣe wọ́n, àmọ́ kò sẹ́ni tó ṣèlérí ẹ̀ fún ẹ. Dán an wò pẹ̀lú XMP, kó o tún dán an wò láìsí i. Tí àṣìṣe bá ṣì wà láìsí XMP, yọ RAM kan, fi èkejì nìkan sí ihò kejì láti ọ̀dọ̀ CPU, kó o tún un ṣe, kó o wá pààrọ̀ wọn. Nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan, má ṣe yí méjì pa pọ̀.

Ọmọ_Kernel

Mà, ẹ jọ̀wọ́, tèmi yege nínú memtest, síbẹ̀ géèmù ṣì ń dì. Ṣé RAM tèmi ti mọ́ nìyẹn?

Ìyá_Tẹ́mínàlì

Kò tíì dájú. Tí Memtest bá rí àṣìṣe, gbà á gbọ́. Tí kò bá rí i, má fi búra. GPU ò ṣiṣẹ́ nígbà tó ń sáré, inú kọ̀ǹpútà á tutù, RAM tó ń ṣàṣìṣe nínú ooru géèmù lè máa hùwà ọmọlúàbí nígbà yẹn. Lo mprime (ètò tó ń ni CPU àti RAM lára), yan Large FFTs, kí nǹkan kan sì máa wọ GPU lára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ṣí ìbéèrè tìẹ lọ́tọ̀, kí log yín má bàa dà pọ̀.

Akọni_Géèmù

Mo ti dé. smartctl: 0. Pẹ̀lú XMP, gbogbo ojú Memtest pupa fòò. Láìsí XMP, ó pẹ́ kó tó yọ, àmọ́ ó yọ. RAM kìíní nìkan: ó mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. RAM kejì nìkan: àṣìṣe, nínú ihò kejì àti nínú ihò kẹrin, àdírẹ́ẹ̀sì kan náà ló sì ń tọ́ka sí. Mo ti yọ ọ́ kúrò. 16GB nìkan ni mò ń lò báyìí, géèmù rọra ń wọ́ díẹ̀, àmọ́ kò dì mọ́. Kò sì tíì kú pìì látìgbà tí mo ti fi wáyà méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì lè sọ pé ìyẹn ti tán.

Mo kà níbì kan pé èèyàn lè ní kí kernel fo ibi tó bàjẹ́, kó lo ìyókù. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Pẹ́ńgúìnì_Ilé

O lè fi memmap= sí ìlà kernel nínú GRUB (ètò tó ń gbé Linux dìde), àmọ́ àmì $ inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní \ níwájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ GRUB á gbé e mì. Fún kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí wọ́n lẹ RAM mọ́, mo gbà. Fún RAM tó ṣeé yọ, mi ò gbà: èyí tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ kì í sábà dúró sójú kan. Wo wáráńtì ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe RAM máa ń fún un ní wáráńtì ọlọ́jọ́ gígùn, wọ́n sì lè ní kó o dá méjèèjì padà, torí pa pọ̀ ni wọ́n tà wọ́n.

Ìyá_Tẹ́mínàlì

Àbúrò, ó ku dísìkì. Inú ìgbà tí RAM yẹn ń ṣàìsàn lo ti ń ṣe update. Ní báyìí tí èyí tó mọ́ nìkan ló wà nínú ẹ̀ (kì í ṣe ṣáájú èyí o), ṣe sudo btrfs scrub start -B / (ó ń fi gbogbo fáìlì wé àmì tí btrfs fi sí wọn), kó o wo fáìlì tí dmesg (log kernel) bá dárúkọ. Lórí dísìkì kan ṣoṣo, scrub á sọ èyí tó bàjẹ́ fún ẹ, àmọ́ kò ní ẹ̀dà míì tó máa fi tún fáìlì náà ṣe. Má ṣe fọwọ́ kan btrfs check --repair.

Scrub nìkan ò sì tó. Bí nǹkan bá ti bàjẹ́ nínú RAM kí btrfs tó fi àmì sí i, àmì á bá ìbàjẹ́ náà mu, scrub á ní ó dára. Ibẹ̀ ni sudo rpm -Va ti wúlò, torí ó ń fi fáìlì wé ohun tí àwọn tó ṣe package kọ sílẹ̀. Ìlà tó bá ní 5 ni ohun inú ẹ̀ yàtọ̀. Èyí tó bá ní c lẹ́gbẹ̀ẹ́, fáìlì ètò ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìwọ lo yí i, fò ó. Ti géèmù, ní kí Steam ṣe Verify integrity.

Akọni_Géèmù

Scrub rí fáìlì géèmù méjì, Steam ti wà wọ́n jáde tuntun. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní ohun gbogbo dára. rpm -Va wá yọ ìlà kan tó ní 5, kò ní c: fáìlì kan nínú mesa-dri-drivers. Mesa tí mo ṣe update títí yẹn!

Ìyá_Tẹ́mínàlì

sudo dnf reinstall mesa-dri-drivers, kó o tún rpm -V mesa-dri-drivers ṣe. Tí kò bá sọ nǹkan kan, ó ti bọ́ sípò.