"Aládùúgbò" kọ́, alámùúlétì ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá lórí bí a ó ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ kẹ́mísírì ní Yorùbá pe "ortho effect" (ohun tí ìdìpọ̀ átọ̀mù méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí òrùka mólékù ń ṣe sí ara wọn) ní "ipá aládùúgbò". Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ n ò lè dákẹ́ sí i. Ká tiẹ̀ fi ti àmì ohùn sílẹ̀ ná, pé agbára ni ipá, ipa sì ni ohun tí nǹkan ṣe sí nǹkan. "Àdúgbò" gan-an ló ń bí mi nínú.

Ta ni kì í ṣe aládùúgbò ẹni? Ẹni tó wà ní ojúlé kẹta ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ohun tí mass spectrometer (ẹ̀rọ tó ń wọn ìwúwo mólékù àti àjákù rẹ̀) ń fi hàn wá kò kan ẹni ojúlé kẹta rárá. Ẹ mú methyl salicylate, òun ló ń ta sánsán nínú ìpara tí a fi ń ra orúnkún àwọn ìyá wa. 152 ni ìwúwo ion rẹ̀, ìyẹn mólékù náà lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti yọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan lára rẹ̀. Lórí òrùka bẹ́nsíìnì (káábọ́ọ̀nù mẹ́fà tó so kọ́ra), OH àti COOCH3 fara ti ara wọn, ipò ortho nìyẹn, háídrójìn orí OH á sì nawọ́ mú OCH3, àwọn méjèèjì á jùmọ̀ jáde bíi methanol: 32 lọ, ó ku 120. Ẹ wá gbé OH yẹn lọ sí meta (tó fo àyè kan sí COOCH3) tàbí para (tó wà ní òdìkejì òrùka gan-an). 152 náà ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ò tó mọ́. OCH3 nìkan ló ń lọ, 31, 121 ló sì ń yọ gọnbu lórí ìwé. Ọdún 11 ni mo ti ń fi ẹyọ kan yẹn mọ ìyàtọ̀ wọn.

Ìdí nìyí tí mo fi ní alámùúlétì. Ẹnìkan ní inú "etí" ló ti wá. Rárá! Bó bá jẹ́ etí ni, ohùn òkè ni ì bá parí rẹ̀. "Tì" inú "jókòó tì mí" ni. Ẹ má sì fi "fara ti ògiri" bá mi jà: ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀ lé e ló sọ ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ di àárín.

Bíríkìlà ni bàbá tó bí bàbá mi. Wọ́n á fọwọ́ gbá ògiri tó wà láàárín ilé méjì, wọ́n á ní ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn láti òdìkejì ni alámùúlétì. Wọn kì í pe ará iwájú títì bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ẹni tó ní "ipa títọ́", torí pé ohun tí ortho jẹ́ lédè Gíríìkì nìyẹn, orúkọ ló túmọ̀, kò wo ohun tó ń jẹ́ orúkọ.

"Ìfọ́wẹ́wẹ́" tí ẹ fẹ́ máa pe fragmentation (bí ion ṣe ń pín sí kéékèèké nínú ẹ̀rọ) náà kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Àwo ló ń fọ́. Ní ti ion, ìdè rẹ̀ ló ń já. "Ìjá" ni èmi á ṣì máa kọ, títí ẹlòmíì á fi mú èyí tó sàn jù ú lọ wá.